A KÌ Í FỌ́ WÀLÁÀ NÍTORÍ ÀṢÌKỌ
Ìṣirò Ara Ẹni Nígbà Tí Ọdún Híjírà Bá Yí

  

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdọọdún wa yìí kò pọ̀ ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: nígbà tí ọdún bá yí, báwo ni Mùsùlùmí ṣe yẹ kí ó ṣe ìṣirò ara rẹ̀, tí kò fi ní í tan ara rẹ̀ jẹ, tí kò sì ní í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú àìnírètí?

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Muharram, mo ní kí ọmọ kéwú kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì mi kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe ní ọdún tuntun sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan, tí kò tíì pé ọdún 13, kọ ọ́ pé òun yóò máa há ojú ìwé méjì Alukuráánì sórí lójoojúmọ́, pé òun yóò máa jí kí ìrun òru, àti pé òun kò ní í bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Inú mi dùn, mo kà á sókè, gbogbo kíláàsì sì gbé Ọlọ́hun tóbi.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ yìí kò rí ojú ìwé kan há. Mo tún mú ìwé rẹ̀ jáde, mo tún kà á sókè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á láti fi dójú tì í ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i ní ilé kéwú mọ́. Nígbà tí mo lọ bá wọn nílé, ohun tí ó sọ fún mi ni pé, "Ààfáà, ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ẹni tí kéwú lè wọ̀ lórí. Mo ti gbìyànjú, n kò lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ inú egungun. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó lé ọmọ yìí lọ. Ohun méjì ni: ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí òun fúnra rẹ̀ gbé ru ara rẹ̀, àti ìtìjú tí èmi olùkọ́ rẹ̀ gbé lé e lórí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún inú ìwé àwọn àgbà yẹ̀ wò, mo sì rí i pé ohun tí ó ṣe ọmọ yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà pẹ̀lú. A máa ń ṣèlérí ńlá ní Muharram, a máa ń ṣe òmíràn ní oṣù Jánúárì, nígbà tí kò bá sì ṣeé ṣe, a ó sọ pé, "Bí Ọlọ́hun ṣe dá mi nìyẹn."

Ìrìn ni ọdún wa

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọdún yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 622 nínú kíka ọdún àwọn òyìnbó ni Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ṣùgbọ́n ìgbà ìjọba Sàyídínà Umar, ní nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn Híjírà, ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ka ọdún. Àwọn onítàn sọ pé Abu Musa al-Ash'ari ni ó kọ̀wé sí Umar pé àwọn ìwé tí ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kò ní ọjọ́ tí ó yéni. Umar pe àwọn sàhábà jọ fún àmọ̀ràn. A mẹ́nu ba ọjọ́ ìbí Ànábì, a mẹ́nu ba ìgbà tí iṣẹ́ òjíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, a mẹ́nu ba ọjọ́ tí ó papò dà. Híjírà ni wọ́n fi ẹnu kò sí, wọ́n sì fi Muharram ṣe oṣù àkọ́kọ́. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún náà, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ti àwọn òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí Muharram fi ń bá wa nínú òjò nígbà kan, tí ó sì ń bá wa nínú ọyẹ́ nígbà mìíràn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n yàn. Wọn kò yan ọjọ́ ìbí, wọn kò yan ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ìrìn ni wọ́n yàn. Ẹsẹ̀ kan ṣáájú, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé e ni a sì ń fi rìn. Ní òru Isra, Ọlọ́hun gbé Òjíṣẹ́ Rẹ̀ láti Mẹ́kà dé Jérúsálẹ́mù ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí Ó bá fẹ́, báyìí náà ni ìbá ṣe gbé e dé Mẹ̀dínà. Ṣùgbọ́n Ó fi Híjírà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ àti ràkúnmí, kí àwa tí kò ní Búráákì lè rí nǹkan fi kọ́ṣe.

Ọdún 13 ni Ànábì fi ṣe iṣẹ́ òjíṣẹ́ ní Mẹ́kà kí ó tó jáde. Nígbà tí ó fẹ́ jáde, ó fi Sàyídínà Ali sùn lórí ibùsùn rẹ̀. Ó gba Abdullahi ọmọ Urayqit láti fi ọ̀nà hàn wọ́n, ẹni tí kò tíì gba ẹ̀sìn ṣùgbọ́n tí ó mọ aginjù dáadáa. Òun àti Abu Bakr fi òru mẹ́ta pamọ́ sínú ihò òkè Thawr, òkè yìí sì wà ní ìhà gúúsù Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ìhà àríwá ni Mẹ̀dínà wà. Ẹni tí ó bá rí wọn ní ọjọ́ náà lè rò pé wọ́n ń padà sẹ́yìn ni. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, wọ́n kọ́kọ́ dúró ní Quba. Ìrìn tí ó ní ètò, tí ó ní olùrànlọ́wọ́, tí ó sì ní ìsinmi nínú, òun ni a fi bẹ̀rẹ̀ ọdún wa.

Kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè rìn ín. Àwọn kan wà ní Mẹ́kà tí wọn kò ní agbára, tí wọn kò sì mọ ọ̀nà. Nínú Súrátù Nísáì, áyà 98 àti 99, Ọlọ́hun yọ àwọn aláìlágbára wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹ̀bi, ní ọkùnrin, ní obìnrin àti ní ọmọdé, Ó sì mú wọn ní ìrètí àmójúkúrò. Ọba tí Ó pàṣẹ ìrìn mọ iye tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Ẹrù tí Ànábì kò jẹ́ kí wọ́n rù

Àwọn kan lè rò pé bí ènìyàn bá ti nira mọ́ ara rẹ̀ tó ni ó ṣe fẹ́ràn Ọlọ́hun tó. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan rò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wá sí ilé àwọn aya Ànábì láti bèèrè bí ó ṣe ń jọ́sìn. Ọ̀kan ní òun yóò máa fi gbogbo òru kírun, èkejì ní òun yóò máa gbààwẹ̀ láìsinmi, ẹ̀kẹta ní òun kò ní í súnmọ́ obìnrin mọ́. Ànábì (s.a.w.) wá bá wọn, ó sì jẹ́ kí ó yé wọn pé òun tí òun bẹ̀rù Ọlọ́hun jù wọ́n lọ ń gbààwẹ̀, òun sì ń tú u, òun ń kírun, òun sì ń sùn, òun sì ń fẹ́ ìyàwó, ẹni tí ó bá kọ ọ̀nà òun sílẹ̀ kò sí lára òun.

Ní ọjọ́ mìíràn, ó wọ mọ́sálásí, ó rí okùn tí a so láàrin òpó méjì. Wọ́n ní ti Zaynab ni, pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun, yóò di okùn náà mú. Ó ní kí wọ́n tú u, kí oníkálukú kírun nígbà tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, kí ó sì jókòó nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Abdullahi ọmọ Amr náà fẹ́ máa gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì máa parí Alukuráánì ní òru kọ̀ọ̀kan. Ànábì rán an létí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, aya rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá pé kí a fi kún un fún òun. Nígbà tí ó darúgbó, tí agbára kò sí mọ́, ó ní òun ìbá mọ̀ kí òun ti gba ìrọ̀rùn tí Ànábì fún òun.

Ìtàn Hanzala ni ó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. Sàhábà ni, ó sì sá wá bá Ànábì pé òun ti di alágàbàgebè, nítorí pé bí òun bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ń wo ọ̀run. Bí òun bá délé láàrin ìyàwó àti ọmọ, òun a gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ànábì kò gba orúkọ burúkú tí ó sọ ara rẹ̀ yìí. Ó fi yé e pé bí ọkàn bá lè wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àwọn málàíkà ni ìbá máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Pé wákàtí kan wà fún ti ibí, wákàtí kan sì wà fún ti ọ̀hún. Mélòó nínú wa ni ó ti sọ ara rẹ̀ ní orúkọ tí Ànábì kò sọ ọ́?

Ìṣirò oníṣòwò

Njẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kí á má ṣe ìṣirò ara wa ni? Rárá o. Sàyídínà Umar ni ó máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ṣe ìṣirò ara wọn kí a tó ṣe é fún wọn. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 505 Híjírà (1111), ya odindi apá kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀ Ihya. Ó fi ọkàn wé ẹni tí a jọ ń ṣòwò: a ó bá a ṣe àdéhùn ní òwúrọ̀, a ó máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sán, a ó sì bá a ṣe ìṣirò ní alẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà, ẹ mọ ìṣirò. Bí ọjà kò bá mú èrè wá lónìí, ẹ kì í ti iná bọ ìsọ̀. Ẹ ó jókòó, ẹ ó wo ohun tí ó wọlé, ẹ ó wo ohun tí ó jáde, ẹ ó wo ibi tí owó gbà jò. Ní ọ̀la, ẹ ó tún ṣí ìsọ̀. Báyìí ni ìṣirò ara ẹni. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ó lè mọ ohun tí ó gbé e ṣubú ni àgbà fi ń wo ẹ̀yìn, kì í ṣe kí ó lè jókòó sójú ibẹ̀ máa sunkún.

Lóòótọ́, Ghazali sọ̀rọ̀ nípa bíbá ọkàn wí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìbáwí tí ó mẹ́nu bà: ó ròyìn pé nígbà tí ìrun Àsárì pẹ̀lú ìjọ bọ́ mọ́ Umar lọ́wọ́, ilẹ̀ kan ni ó fi ṣe sàráà. Àṣìṣe kan bí iṣẹ́ rere kan. Ìbáwí tí ó bí iṣẹ́ rere ni ti àwọn ẹni ìṣáájú. Ìbáwí tí ó ń lé ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ rere kì í ṣe tiwọn.

Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn àti ẹni tí ó ṣí i

Ànábì (s.a.w.) sọ ìtàn ọkùnrin kan nínú àwọn tí ó ṣáájú wa, tí ó pa ènìyàn 99. Ó wá olùfọkànsìn kan lọ, ó bèèrè bóyá túúbá ṣì wà fún òun. Ìyẹn ní kò sí. Ọkùnrin náà pa á, ó di 100. Ó tún wá onímọ̀ kan lọ. Èyí ní kò sí ohun tí ó lè dí i lọ́nà túúbá, ṣùgbọ́n kí ó kúrò ní ìlú burúkú tí ó wà, kí ó lọ sí ìlú àwọn ẹni rere. Ojú ọ̀nà ni ikú bá a. Àwọn málàíkà àánú àti àwọn málàíkà ìyà ń jiyàn lórí rẹ̀, a wọn ilẹ̀, a rí i pé ó fi díẹ̀ súnmọ́ ibi tí ó ń lọ ju ibi tí ó ti ń bọ̀. Àwọn málàíkà àánú ni wọ́n gbà á.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ yé. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kò dín ẹ̀ṣẹ̀ kù, ńṣe ni ó sọ 99 di 100. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn kò sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà ni ó fi hàn án. Òun náà ṣe híjírà tirẹ̀, kò débẹ̀, a sì gbà á nítorí pé ó ń rìn. Nínú Súrátù Súmárì, áyà 53, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti sọ ìrètí nù nínú àánú Rẹ̀, àwọn tí ó sì ti kọjá ààlà sí ara wọn gan-an ni Ó ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ka kéwú lórí wàláà, ẹ rántí. Bí gègé bá ṣìkọ, tí tàdáwà bá dà sí i, kí ni ààfáà máa ń ní kí á ṣe? Omi ni. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a sóòrùn, a ó tún un kọ. Kò sí ààfáà kan tí ó ní kí á fọ́ wàláà nítorí pé a ṣìkọ. Igi ni wàláà, a sì lè gbẹ́ òmíràn. Ọkàn ọmọ ènìyàn kò ní ìpààrọ̀.

Àánú yàtọ̀ sí ìgbọ̀jẹ̀gẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí bojú o. Àwọn onímọ̀ ka májẹ̀mú túúbá sí mẹ́ta: kí á fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, kí á kábàámọ̀ rẹ̀, kí á sì pinnu pé a kò ní í padà sídìí rẹ̀. Bí ó bá kan ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ó di mẹ́rin: kí á dá ẹ̀tọ́ náà padà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè sọ pé òun ti ṣàánú ara òun. Ìrun ọ̀ran-anyàn márààrún kò sí lára ohun tí à ń dín kù. Fífọ wàláà náà, iṣẹ́ ni. Ìgbọ̀jẹ̀gẹ́ ni kí á fi àṣìkọ sílẹ̀ kí á máa kà á bẹ́ẹ̀. Àìnírètí ni kí á fọ́ wàláà. Àánú ni kí á fọ̀ ọ́, kí á tún un kọ.

Bí a ó ṣe ṣe é

1. Ohun kan ni kí o mú. Má ṣe kọ ohun mẹ́wàá sílẹ̀. Ìyá wa Aisha ròyìn pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré.

2. Ìwọ̀n tí o lè ṣe ní ọjọ́ tí ara rẹ kò yá ni kí o mú, má ṣe mú èyí tí o lè ṣe ní ọjọ́ tí inú rẹ dùn jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀: Alukuráánì tí a tẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní ojú ìwé 604, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà 15, yàtọ̀ sí méjì àkọ́kọ́ tí ó kéré. Ẹni tí ó bá ń há ìlà márùn-ún péré lójúmọ́ yóò fi ọjọ́ mẹ́ta parí ojú ìwé kan, yóò sì fi nǹkan bí ọjọ́ 1,812 parí gbogbo rẹ̀. Ọdún Híjírà márùn-ún àti oṣù kan àbọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún 12 yóò parí rẹ̀ kí ó tó pé 18.

3. So ó mọ́ ohun tí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà dára ju "nígbà tí mo bá ráyè" lọ.

4. Mọ ohun tí o máa ṣe ní ọjọ́ tí ó bá bọ́. Bí oorun tàbí àìsàn kò bá jẹ́ kí Ànábì kírun òru, rákáà 12 ni ó máa ń kí ní ọ̀sán. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tí oorun bá gbé kọjá ìpín rẹ̀ ní òru, tí ó bá kà á láàrin àsùbáà sí ìrun ọ̀sán, a ó kọ ọ́ fún un bí ẹni pé òru ni ó kà á. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, ọjọ́ kan ni ó bọ́. Ọdún kò bọ́.

5. Bá ara rẹ sọ̀rọ̀ bí o ó ṣe bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀. Má ṣe sọ pé "mi ò dára"; sọ pé "èyí tí mo ṣe yìí kò dára, n ó tún un ṣe."

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi

Anas ọmọ Malik sin Ànábì fún ọdún 10 láti kékeré. Ó jẹ́rìí pé kò fi ìgbà kan pòṣé sí òun, kò sì bi òun rí pé èéṣe tí o fi ṣe èyí, tàbí èéṣe tí o kò ṣe tọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọmọ lágbájá wé ọmọ yín lójú rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú, ẹ bi í pé, "Kí ni ó gbé ọ ṣubú? Ibo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu wa ni yóò máa fi bá ara rẹ̀ wí nígbà tí a kò bá sí ńbẹ̀ mọ́.

Ní ti ọmọ tí mo sọ, mo padà lọ sí ilé wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, nígbà tí ó sì padà wá, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi níwájú kíláàsì tí mo ti dójú tì í. A jọ ya ìwé ìlérí yẹn, a kọ òmíràn: ìlà márùn-ún lẹ́yìn àsùbáà. Kò yára. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó bọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ó ti há ìpín 11 nínú ìpín 30 sórí, ó sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹwàá Muharram, ààwẹ̀ Áṣúrà, ń bẹ níwájú wa. Ọjọ́ méjì péré ni. Ẹni tí ó bá lè gbà á, kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó wá ìlà márùn-ún tirẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fọ wàláà ọkàn wa, kí Ó fún wa ní agbára láti tún un kọ, kí Ó má sì jẹ́ kí á di ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ tàbí mọ́ ẹlòmíràn. Àmín.